"Rikúrútà ní kí n má sọ ọ́": ohun tó yẹ kí o sọ kí o tó wọ iṣẹ́ sójà Amẹ́ríkà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Maryland ni mò ń gbé. Bàbá mi tó ti di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà ló kọ̀wé pè mí wá, gíríìnì káàdì ni mò ń lò. Mo fẹ́ wọ iṣẹ́ sójà nítorí ìwé ọmọ ìlú àti owó ilé-ẹ̀kọ́. Ohun mẹ́ta ló ń dà mí láàmú. Mo ní ikọ́ fée nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo sì ti tó ọmọ ọdún 15 nígbà tí mo lo ínhélà kẹ́yìn. Wọ́n tún mú mi ní ṣọ́ọ̀bù kan níbí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, pé mo gbé bàtà láìsanwó. Kóòtù tú ẹjọ́ náà ká, lọ́yà sì sọ pé wọ́n ti pa á rẹ́ nínú ìwé. Paríparí rẹ̀, ọjọ́ ìbí inú páṣípọ́ọ̀tù mi fi ọdún méjì dín ọjọ́ orí mi gan-an kù. Rikúrútà mi, ìyẹn sójà tó ń gba ènìyàn sí iṣẹ́, ní kí n má sọ ìkankan. Òun fúnra rẹ̀ ló bá mi fi "rárá" kún fọ́ọ̀mù àìlera, mo sì ti buwọ́ lù ú. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń lọ sí MEPS, ibi tí wọ́n ti ń yẹ àwọn tó fẹ́ wọ sójà wò. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, sún ọjọ́ MEPS yẹn síwájú. Ìpè fóònù kan ni, kò sì sí ẹni tí yóò fìyà jẹ ọ́ torí pé o sún un. Nínú nǹkan mẹ́ta tí o kà sílẹ̀ yìí, méjì rọrùn ju bí o ṣe rò lọ. Ẹ̀kẹta ló le, kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ sójà rárá, ọ̀dọ̀ ìmígíréṣọ̀n ló ti bẹ̀rẹ̀.

Mo pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ológun ilẹ̀ yìí, ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ìwé àwọn sójà, ohun tí mo sì kọ́ níbẹ̀ kò ju báyìí lọ: ohun tí o bá sọ kí o tó wọlé, wọ́n lè fi jì ọ́, èyí tí o bá bò, kì í ṣe àìsàn tàbí ẹjọ́ àtijọ́ ni wọn yóò fi mú ọ mọ́, irọ́ ni wọn yóò fi mú ọ. Wọ́n ní ìlànà tí wọ́n fi ń dárí ikọ́ fée jini. Wọn kò ní èyí tí wọ́n fi ń dárí irọ́ jini ní ìrọ̀rùn.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí èémí rẹ.

Fọ́ọ̀mù tí rikúrútà bá ọ kún ni wọ́n ń pè ní DD 2807-2. Èkejì rẹ̀, 2807-1, ń dúró dè ọ́ ní MEPS níwájú dókítà. Wọn ò bi ọ́ níbẹ̀ bóyá ó ń ṣe ọ́ lónìí. Ohun tí wọ́n ń bi ọ́ ni pé ṣé o ti ní in rí, tàbí o ní in báyìí. Lórí èémí nìkan, wọ́n á bi ọ́ nípa ikọ́ fée, wọ́n á bi ọ́ bóyá èémí máa ń dù ọ́, wọ́n á bi ọ́ bóyá àyà rẹ máa ń hàn bíi fèrè, wọ́n á tún wá bi ọ́ bóyá wọ́n ti kọ ínhélà fún ọ rí tàbí o ti lò ó rí. Ẹni tó bá fẹ́ parọ́ lórí ikọ́ fée kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni yóò pa á lójú ìwé kan náà. Wọ́n á sì béèrè bóyá o ti bá ẹni tó ní ikọ́ ife, ìyẹn TB, gbé inú ilé kan náà rí. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó dàgbà sí agboolé ńlá kì í ro ìyẹn wò rárá kí wọ́n tó sọ pé rárá. Lójú fọ́ọ̀mù náà gan-an ni ìkìlọ̀ wà: ẹni tó bá purọ́ síbẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 5, ó lè san owó ìtanràn 10,000 dọ́là, ó sì lè jẹ méjèèjì pọ̀.

Òfin ìlera tí wọ́n ń tẹ̀ lé kò ka ikọ́ fée tó ṣe ọmọ kékeré tí ó sì lọ sí nǹkan kan. Èyí tó bá ṣì wà lára ẹni lẹ́yìn ọjọ́ ìbí 13 ni wọ́n ń kà sí ìdènà. Ìwọ lò ó títí di 15, nítorí náà o bọ́ sínú rẹ̀. Ibí ni ẹ̀rù ti máa ń ba àwọn ọmọ wa, wọ́n á rò pé "ìdènà" túmọ̀ sí pé ó ti parí. Kò parí. Dókítà MEPS yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé o kò tíì yẹ, ìwé rẹ yóò wá lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ẹ̀ka tí o fẹ́ wọ, àwọn ló ń fúnni ní ìyọ̀ǹda tí wọ́n ń pè ní wéfà. Dókítà MEPS kọ́ ló ń fúnni. Ìdí nìyẹn tí àwọn Navy fi lè kọ̀ ọ́ kí Army gbà ọ́, lórí àìsàn kan náà. Wọ́n lè ní kí o lọ fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ tó ń wọn bí ẹ̀dọ̀fóró ṣe lágbára tó. Bí o bá ti ń sáré, tí o ń gbá bọ́ọ̀lù láti àwọn ọdún wọ̀nyí wá láìfọwọ́ kan ínhélà, ọwọ́ rẹ dára.

Ní ti ìwé, rán ẹnìkan sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti tọ́jú rẹ ní Ìbàdàn. Bí wọ́n bá rí káàdì rẹ, ó dára. Bí káàdì bá ti sọnù, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: orúkọ ilé ìwòsàn, nǹkan bí ọdún báyìí, ohun tí wọ́n fún ọ, ìwé ti sọnù. Lẹ́yìn náà, lọ sọ́dọ̀ dókítà níbí, sọ ìtàn náà fún un, kí ó yẹ̀ ọ́ wò, kí ó sì kọ ohun tó rí. Ìwé ẹyọ kan bẹ́ẹ̀ níyì ju ẹnu dídùn rikúrútà lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ yóò sọ: kò sí ẹ̀rọ tó lè rí káàdì ilé ìwòsàn Ìbàdàn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Láti 2022 ni MEPS ti ń lo ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ MHS GENESIS, tó máa ń fa àkọsílẹ̀ dókítà àti ti oògùn jáde láti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ìwòsàn àti ilé oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Bí o bá ti ra ínhélà rí ní Baltimore, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti rí i kí o tó jókòó. Ti Ìbàdàn kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kọ́ ló máa ń tú àwọn ènìyàn wa fó.

Wò ó báyìí. Fort Jackson, ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn sójà ní South Carolina, oṣù Keje. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, ooru ti ń jáde láti inú iyanrìn. Ẹ ti sáré jìnnà díẹ̀, àyà rẹ fún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, sájẹ́ǹtì rí ọ níbi tí o ti ń dì mọ́ orúnkún, wọ́n bá gbé ọ lọ sọ́dọ̀ mẹ́díìkì. Ó gbé ohun ìgbọ́yà lé ọ lẹ́yìn, ó tẹ́tí, ó wá bi ọ́ pẹ̀lẹ́tù pé, "Ṣé irú èyí ti ṣe ọ́ rí?" Ẹni tí èémí ń dù kì í ráyè ro irọ́. Wàá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tí mo wà ní kékeré." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó parí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ, nínú fáìlì ara rẹ, ni wọn yóò gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́ọ̀mù tí o fi "rárá" kún. Ta ló tún ń wá káàdì Ìbàdàn?

Bí a ti wà lórí ọ̀rọ̀ ìlera, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ AS, ẹ yéé fi í pamọ́. AS kò lé ènìyàn kúrò nínú iṣẹ́ ológun, SS ló ń lé e. Wọ́n ń fẹ́ mọ̀ ọ́n nítorí pé ẹni tó jẹ́ AS, tó ń sá eré àṣekúdórógbó nínú ooru láìmu omi tó, lè ṣubú lulẹ̀, kí iṣan ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, kí ó sì kú bí wọn ò bá tètè mọ ohun tó ń ṣe é. Èyí tí o bò yẹn ni ohun tí mẹ́díìkì ìbá fi gbà ọ́ là.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù kò yẹ kó gba àkókò wa púpọ̀, àfi níbì kan. Ìwé tí kóòtù pa rẹ́, agbanisíṣẹ́ lásán àti aráàlú ni wọ́n pa á rẹ́ fún. Bí ọlọ́pàá bá tẹ ìka rẹ lọ́jọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí ìka yẹn ti dé ọ̀dọ̀ FBI. MEPS yóò tún ìka rẹ tẹ̀, àwọn méjèèjì á sì pàdé. Fọ́ọ̀mù SF-86 tí wọ́n fi ń wádìí ènìyàn sọ ọ́ kedere pé kí o kọ ọ́ bí kóòtù tilẹ̀ tì í pa, bí wọ́n tilẹ̀ pa á rẹ́, bí wọ́n tilẹ̀ tú ẹjọ́ ká. Fọ́ọ̀mù N-400 tí o máa fi béèrè fún ìwé ọmọ ìlú lọ́jọ́ iwájú ń béèrè ohun kan náà. Nítorí náà, bóo wọ sójà bóo kò wọ̀ ọ́, ìbéèrè bàtà yẹn yóò bá ọ.

Ẹjọ́ bàtà kan ṣoṣo tí kóòtù tú ká, ohun kékeré ni lójú sójà. Lọ gba ìwé ìparí ẹjọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù, kí o kọ àlàyé ìlà mẹ́fà sí i: ohun tó ṣẹlẹ̀, ọdún tó ṣẹlẹ̀, bó ṣe parí. Má ṣe ẹjọ́ àwíjàre. Ṣùgbọ́n ka ìwé yẹn dáadáa kí o tó fọwọ́ sọ̀yà pé "wọ́n tú u ká." Ní Maryland níbí, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní PBJ: adájọ́ á dá ìdájọ́ dúró, á fi ọ́ sábẹ́ ìṣọ́ fún ìgbà díẹ̀, lọ́yà á sì kí ọ kú oríire pé wọn kò dá ọ lẹ́bi. Ìpínlẹ̀ lè pè é bẹ́ẹ̀. Bí o bá ti gbà níwájú adájọ́ pé o jẹ̀bi, ìmígíréṣọ̀n lè kà á sí ìdálẹ́bi gidi, ẹ̀sùn olè jíjà sì kì í ṣe ohun tí ẹni tó ń lo gíríìnì káàdì ń fi ṣeré. Bí o bá rí àwọn lẹ́tà mẹ́ta yẹn nínú ìwé rẹ, fi í kún ohun tí o máa bá lọ́yà sọ.

Ní ti igbó mímu, ọ̀rọ̀ kan péré: Maryland gbà á láyè láti 2023, ìjọba àpapọ̀ kò gbà á, ìjọba àpapọ̀ ló sì ni sójà. Wọ́n á bi ọ́, wọ́n á sì yẹ ìtọ̀ rẹ wò.

Ó wá kan rikúrútà. Mi ò fẹ́ bú u. Sójà bíi tiwa ni, iye ènìyàn tó gbọ́dọ̀ mú wọlé lóṣooṣù wà lọ́rùn rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì ń ka orí. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Kò yà mí lẹ́nu pé ó fẹ́ kí ìwé rẹ tètè kọjá. Ṣùgbọ́n wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé. Òun ló fi "rárá" kún un, ìwọ lo buwọ́ lù ú. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá bẹ́ sílẹ̀, orúkọ ẹni tó wà nísàlẹ̀ ìwé ni wọn yóò pè, òun á sì ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí rikúrútà kankan tí òfin fún láṣẹ láti ní kí o parọ́. Bí wọ́n bá mọ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ náà wà nínú ewu. Ọ̀nà kan wà tí mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ: bí ó bá sọ fún ọ pé má kọ ọ́, fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí i pé, "Sájẹ́ǹtì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní kí n má kọ ikọ́ fée tí mo ní?" Wàá rí i pé kò ní fèsì, tàbí kó pè ọ́ kíákíá pé ohun tí òun ń sọ kọ́ nìyẹn.

Irọ́ tí ènìyàn fi wọ iṣẹ́ ológun ní orúkọ tirẹ̀ nínú òfin àwọn ológun. Abala 83 ni tẹ́lẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2019 ni wọ́n ti ń pè é ní 104a. Ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn kò pọ̀: pé o mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ tàbí o mọ̀ọ́mọ̀ bo ohun kan tó kan bóyá o yẹ fún iṣẹ́ náà, pé irọ́ yẹn lo fi wọlé, àti pé o ti gba owó oṣù tàbí ìtọ́jú lórí rẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ lè dé ẹ̀wọ̀n ọdún 2, pípàdánù gbogbo owó, àti kí wọ́n lé ọ láìníyì.

Màá sọ òtítọ́ fún ọ, nítorí pé mi ò fẹ́ fi ẹ̀wọ̀n dẹ́rù bà ọ́ lásán: ọ̀pọ̀ jùlọ ni wọn kì í gbé dé kóòtù ológun. Ìwé ni wọ́n máa ń ṣe fún wọn, wọ́n á kó ẹrù wọn, wọ́n á máa lọ sílé. Fún ọmọ tí wọ́n bí sí Ohio, ìtìjú ni, bóyá owó ìwọlé tí wọ́n fún un ni yóò dá padà, yóò wá iṣẹ́ mìíràn. Tìrẹ kò rí bẹ́ẹ̀, torí ohun tí o wá gbà níbẹ̀ kò rí bíi ti rẹ̀.

Ìwé ọmọ ìlú lo wá gbà. Aráàlú tó ní gíríìnì káàdì á dúró ọdún 5 kí ó tó béèrè, ọdún 3 bí ó bá fẹ́ ọmọ ìlú. Ní oṣù Keje 2002, Ààrẹ George W. Bush pàṣẹ pé ẹni tó bá sin iṣẹ́ ológun pẹ̀lú iyì láti September 11, 2001 wá lè béèrè láìdúró ọdún kankan, láìsan owó fọ́ọ̀mù. Àṣẹ yẹn ló ń gbé àwọn ọmọ wa tí ẹ ń rí lórí Facebook tí wọ́n ń búra nínú yúnífọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn yẹn ní kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo: iyì. Ọ̀gá kan gbọ́dọ̀ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù N-426 pé ìsìn rẹ níyì. Bí wọ́n bá ti ń ṣe ìwé láti lé ọ nítorí irọ́, ta ni yóò buwọ́ lù ú? Bí o bá sì ti gba ìwé ọmọ ìlú kí irọ́ tó jáde, òfin sọ pé ẹni tó gbà á nípasẹ̀ iṣẹ́ ológun, tí wọ́n wá yọ láìníyì kí ó tó sìn fún ọdún 5 pẹ̀lú iyì, wọ́n lè gba ìwé náà padà. Irọ́ tí o fẹ́ fi ra ìwé ni yóò gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ.

Bí o bá sì rò pé ìwà akọni lè bo irọ́ mọ́lẹ̀, ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Calvin Graham, ọmọ Texas. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tó purọ́ ọjọ́ orí tó sì wọ iṣẹ́ ológun ojú omi ní 1942. Inú ọkọ̀ ogun South Dakota ló wà ní Guadalcanal ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, irin ìbọn ya ojú rẹ̀, ó sì ń fa àwọn tó fara gbọgbẹ́ jáde nínú iná. Nígbà tí àṣírí tú, wọ́n tì í mọ́lé fún oṣù mẹ́ta, wọ́n lé e láìníyì, wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ rẹ̀. 1978 kí wọ́n tó dá ìwé iyì rẹ̀ padà, lábẹ́ Ààrẹ Jimmy Carter. Ó kú ní 1992. Àmì ẹ̀yẹ ti ọgbẹ́ rẹ̀, Purple Heart, kò dé ọwọ́ àwọn ẹbí rẹ̀ títí di 1994.

Ọjọ́ orí ni tìrẹ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé o kéré jù. Ohun tí yóò béèrè ìgboyà rẹ jù nìyí, máa fọkàn bá mi lọ.

Nílé, dídín ọjọ́ orí kù kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń fi orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ pè. Ìyá á lọ sí kóòtù, á búra, á gba ìwé ọjọ́ orí, ọmọ á wọ sẹ́kọ́ńdìrì pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ tuntun. Láti ibẹ̀ ó kọjá sí WAEC, ó kọjá sí páṣípọ́ọ̀tù, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá kò sí ẹni tó tún ń rántí pé ọjọ́ ìbí méjì ló wà, àfi ìyá àti ọjọ́ tí ẹ bá ń ṣe bọ́ọ̀sìdéè. Mi ò dá ìyá rẹ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n wo ohun tí ọdún méjì yẹn lè ti ṣe láìjẹ́ pé ìwọ mọ̀.

Bàbá tó jẹ́ ọmọ ìlú Amẹ́ríkà tó kọ̀wé pe ọmọ tí kò tíì pé 21, tí kò sì tíì ṣe ìgbéyàwó, ọmọ yẹn kì í tò sórí ìlà. Ọmọ tó bá ti pé 21 á tò ó, ọ̀pọ̀ ọdún ni ìlà náà sì máa ń gbà. Ọjọ́ tí bàbá rẹ fi ìwé náà sílẹ̀ ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí, kì í ṣe ọjọ́ tí o wọ ọkọ̀ òfuurufú. O kò sọ fún mi ọmọ ọdún mélòó lo jẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Bí ọjọ́ orí rẹ gan-an àti ti inú ìwé bá jọ wà lábẹ́ 21 lọ́jọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí ọdún méjì yẹn má ti rà nǹkan kan fún ọ, lọ́yà sì lè ní ọ̀nà tó tọ́ láti tún un ṣe. Bí o bá ti pé 22 tí ìwé sì ń sọ pé 20, a jẹ́ pé ọdún méjì yẹn gan-an ló gbé ọ wọ ìlú. Ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá nìyẹn, mi ò sì ní fi ẹnu sójà dáhùn rẹ̀.

Bákan náà ni fún ẹni tó ti gbé ìyàwó pẹ̀lú ìdáná nílé kí ó tó wá pẹ̀lú ìwé "ọmọ tí kò tíì gbéyàwó." Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tó bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ nílé, ìmígíréṣọ̀n ń kà á.

Nítorí náà lọ́yà ni kí o kọ́kọ́ rí, kí o tó rí rikúrútà, kí o tó rí MEPS. Lọ́yà ìmígíréṣọ̀n gidi ni mo wí. Kì í ṣe bọ̀ọ̀dá tó ń bá gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́ọ̀mù, kì í sì ṣe lọ́yà tó ṣe ìwé ilé bàbá rẹ. Àṣírí rẹ kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu lọ́yà. Rikúrútà kò ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀. Mi ò ní kí o máa bò ó lọ o. Ohun tí mo ní ni pé kí o má tíì buwọ́ lu ohunkóhun tó ní ọjọ́ ìbí nínú. Ìwé tí ìyá rẹ búra lé lórí, ìwọ kọ́ lo búra. Ọmọdé ni ọ́. Lọ́jọ́ tí o bá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè níwájú àsíá, tí o buwọ́ lu ìwé àdéhùn tó ní ọjọ́ tí o mọ̀ pé kì í ṣe tìrẹ, irọ́ náà kúrò ní ti ìyá rẹ, ó di tìrẹ, ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ló sì wà. Bí lọ́yà bá ní kí o má wọ sójà báyìí rárá, gbọ́ tirẹ̀.

Ohun kan wà tí o kò béèrè, ṣùgbọ́n yóò bá ọ lójijì: SF-86 fẹ́ mọ gbogbo ẹbí rẹ. Gbogbo wọn. Bí bàbá rẹ bá ní ìyàwó mẹ́ta, wọ́n fẹ́ orúkọ àwọn ọmọ bàbá rẹ, ọjọ́ ìbí wọn, ibi tí wọ́n ń gbé, ọmọ ìlú ibo ni wọ́n. Mo ti rí ọmọ tó kọ àbúrò méjì péré sínú fọ́ọ̀mù torí ojú ń tì í pé àbúrò mẹ́sàn-án ló ní. Olùwádìí kò bìkítà iye ìyàwó bàbá ẹnikẹ́ni; ohun tó máa ń jẹ wọ́n lọ́kàn ni ìdí tí o fi bo àwọn méje tó kù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ tó dàgbà sílé yín, má kọ ọ́ sí ààyè ọmọ ìyá, torí bí ó bá yàtọ̀ sí ohun tí bàbá rẹ kọ nígbà tó ń pè ọ́ wá, wọ́n á bi ọ́. Àkáǹtì báǹkì tó wà nílé, ilẹ̀ tí wọ́n rà ní orúkọ rẹ, kọ wọ́n. Fífi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí ìyá ẹni kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lójú wọn. Mọ̀ sí i pé ẹni tí kò tíì di ọmọ ìlú kì í rí àwọn iṣẹ́ tó kan àṣírí ìjọba ṣe, nítorí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣèlérí irú rẹ̀ fún ọ.

Ó ku fọ́ọ̀mù tí o ti buwọ́ lù. Ọkàn rẹ lè balẹ̀ níbí díẹ̀: o kò tíì wọ iṣẹ́, o kò tíì gba kọ́bọ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ 104a kò tíì kàn ọ́. Irọ́ orí ìwé ìjọba ni, ó sì ṣeé tún ṣe nígbà tí ìwọ fúnra rẹ bá tètè tún un ṣe, kí ẹnikẹ́ni tó bi ọ́. Àní ẹni tó ti búra àkọ́kọ́, tó wà lórí ìlà ìdúró tí wọ́n ń pè ní DEP, ṣì lè ṣàtúnṣe kí ó tó lọ sí ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ó tilẹ̀ lè yọwọ́ pátápátá. Lẹ́yìn tí o bá ti rí lọ́yà, tí ó sì ní kí o máa lọ, padà sọ́dọ̀ rikúrútà rẹ pẹ̀lú ìwé dókítà àti ìwé kóòtù lọ́wọ́. Sọ fún un pé o fẹ́ kún 2807-2 tuntun, ìwọ fúnra rẹ ni yóò kún un. Gba ẹ̀dà rẹ̀ kí o tó kúrò níbẹ̀, fi fóònù ya á bí kò bá sí ẹ̀rọ. Ní MEPS, bí wọ́n bá bi ọ́ bóyá ẹnìkan ní kí o bo nǹkan kan, wọ́n sì máa ń bi í, dáhùn bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Bí rikúrútà bá kọ̀, béèrè fún ọ̀gá ọ́fíìsì náà. Bí ìyẹn náà bá kọ̀, ọ́fíìsì mìíràn wà, ẹ̀ka mìíràn sì wà: Navy, Air Force, National Guard Maryland níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí o bá sọ níbẹ̀ kò gbọdọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí o ti tún ṣe, torí ó ṣeé ṣe kí orúkọ rẹ ti wà nínú kọ̀ǹpútà wọn kí o tó jókòó.